Ó Dìgbà Tó Bá Hu Eyín Kí A Tó Fárí Ẹ̀

Òjòwú kò lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àwọn àgbà ò tíì rí àǹtí mi ni. Ẹran wà láyà tiẹ̀ dáadáa, owú náà sì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní ìrẹ́pọ̀.

Onígbàjámọ̀ ni. Ọwọ́fẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí tó bá ń fárí fún èèyàn, onítọ̀hún lè sùn lọ lórí àga. Àbúrò bàbá mi ni, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dàgbà lẹ́yìn táwọn òbí wa kú. Òun alára kò bímọ. Yàrá kan níwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀: àga onígi kan tó máa ń ké tí èèyàn bá jókòó lé e, dígí tó ti sán ní igun kan, abọ́ omi, ọṣẹ, pọ́dà, àti abẹ tó jogún lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, tó máa ń nù síwá sẹ́yìn lára awọ bẹ́líìtì kan tó so mọ́ fèrèsé kó lè mú.

Àwọn abiyamọ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ládùúgbò wa ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi abẹ kan orí ọmọ, ìwà onítọ̀hún lọmọ náà máa gbà. Wọ́n ní irun tí ọmọ gbé wá látinú ìyá ẹ̀ dà bí ọmọrí ìkòkò. Ẹni tó bá ṣí i, atẹ́gùn ọwọ́ ẹ̀ ló máa wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Ọwọ́fẹ́rẹ́ ló ti mú un. Ní tèmi, wọ́n ní ọjọ́ tó ń fárí mi, oníbàárà kan dá àpárá, àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ni wọ́n ní ò jẹ́ kí n mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀ gidi. Mi ò bá wọn jiyàn. Àwáwí tó dáa ni.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bí ọkùnrin, irun kún orí ọmọ náà débi pé mo sọ ọ́ ní Bàbá Onírun. Àǹtí mi ń nu abẹ, ó ń kọrin. "Èyí ni màá fi jẹ́ ìyá àgbà," ló ń wí. Orin yẹn ò dáwọ́ dúró àfi ìgbà tí ìyá ìyàwó wa dé.

Aránṣọ ni màmá náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn ẹ̀ kì í ròkè, ó sì ru máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ wá. Ọmọ tó ń ké lọ́wọ́ àǹtí mi, bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ màmá yìí ló dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ó ti mọ ìyá àgbà ẹ̀," ni ìyàwó wa wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ náà gún àǹtí mi bí abẹ́rẹ́. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," ló dáhùn. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti sunkún tán. Ẹni tó gbà á lẹ́yìn ìgbà yẹn ń jẹ ayé ọ̀fẹ́."

Nídìí oúnjẹ, Màmá Aránṣọ ní, "Ẹ̀yin àna mi, mo mú bíléèdì tuntun wá o. Nílé tiwa, ìyá ìyàwó ló ń fárí àkọ́bí."

Oúnjẹ há àǹtí mi lọ́fun. Mo gbá a lẹ́yìn. "Ẹ rọra, àǹtí. Ṣé egungun ẹja ni àbí bíléèdì?"

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi mí jẹ oúnjẹ tó kù. Ká ní ó sọ pé òun fẹ́ fá a ni, ta ló máa kọ̀? Ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kéèyàn tọrọ ohun tó ń wù ú. Ó mu omi, ó gbọ́fun.

"Ẹ má bínú o, ìyá ìyàwó. A kì í fárí ọmọ tí ò tíì hu eyín. Tí abẹ bá kan orí ẹ̀ kí eyín tó yọ, ojú á máa ti eyín náà, kò ní jáde bọ̀rọ̀."

Gbogbo wa wò ó. Obìnrin tó ti fárí àwọn ọmọ tí ò tíì lè gbé ọrùn dúró! Ṣùgbọ́n ta ló máa bá onígbàjámọ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ irun? Ète ẹ̀ hàn sí mi gbangba: kí eyín tó yọ, màmá yìí á ti padà sílé ẹ̀.

Màmá Aránṣọ mi orí. "Ọpẹ́lọpẹ́ yín. Kò burú, màá dúró de eyín náà."

Ó sì dúró o! Ó gbé máṣíìnì sí ẹ̀bá fèrèsé, ó ń rán kọ́tìnì, ó ń tún sòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Àǹtí mi á wà ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ gbọ́ ariwo! Ọmọ wo ló fẹ́ sùn síbẹ̀?" Ìdí máṣíìnì yẹn gan-an lọmọ ti ń sùn fọnfọn.

Láràárọ̀, àǹtí mi á fọwọ́, á ti ìka bọ Bàbá Onírun lẹ́nu. Mo ní, "Àǹtí, ṣé góòlù lẹ ń wá níbẹ̀ ni?" Lọ́jọ́ kan, mo dúró ní pálọ̀, mo pariwo, "Eyín! Eyín ti yọ o!" Àǹtí mi sáré dé pẹ̀lú abẹ, Màmá Aránṣọ sáré dé pẹ̀lú bíléèdì, ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá ìdajì irùngbọ̀n ẹ̀ náà sáré tẹ̀ lé wọn. Mo yánu sí wọn. "Tèmi ni. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó mọ́." Bàtà tí wọ́n jù tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì ni.

Àṣé ọ̀rọ̀ eyín ti jáde nílé. Àwọn abiyamọ ò gbé ọmọ wá mọ́. Àǹtí mi pe ọ̀kan tó ń kọjá lọ, ìyẹn ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kó hu eyín ná." Àǹtí mi la ẹnu, ó gbójú sókè, ó rí Màmá Aránṣọ lójú fèrèsé, ó pa ẹnu dé. Àga ṣọ́ọ̀bù ò ké mọ́.

Ooru wá mú. Irun Bàbá Onírun lọ́ mọ́ra wọn, ìléròrò bò ó lórí títí dé ọrùn, ó ń họra, ó ń ké. Ìyàwó wa gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú òun alára ti pọ́n. "Àǹtí, eyín yìí ò yọ. Kí ni kí n ṣe fọ́mọ mi?"

Àǹtí mi wo orí ọmọ náà, ó ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Lọ pe ìyá ẹ wá." Nígbà tí màmá náà dé, àǹtí mi kò wò ó lójú. "Kò sí èèwọ̀ eyín kankan. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, kí ọwọ́ yín má baà kan orí ẹ̀ ṣáájú tèmi."

"Mo mọ̀," ni Màmá Aránṣọ wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo bímọ, ìyá. Ṣé mo dúró de eyín kí n tó fárí wọn ni? Gbogbo ọmọ àdúgbò ni wọ́n ń gbé wá bá yín, èmi ò ní ju ọmọ-ọmọ kan yìí lọ. Mo ní tí mo bá lè jókòó pẹ́ jù yín lọ, tèmi ni."

Mo ní, "Ẹ wo àwọn àgbà wa!"

Àǹtí mi gbé ọmọ jókòó sórí àga, ọmọ figbe ta. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n olórí tó ń ta bí ẹja ńkọ́? Màmá Aránṣọ gbà á, ó gbé e lé itan, ó di orí ẹ̀ mú. Ọmọ dákẹ́. Bíléèdì tuntun wà lápò màmá náà. Kò yọ ọ́. "Ẹ fá a, ìyá. Aṣọ lọwọ́ tèmi mọ̀." Abẹ kan orí fẹ́rẹ́, irun ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí wọ́n tó dé ìpàkọ́, Bàbá Onírun ti sùn.

Màmá Aránṣọ padà sílé ẹ̀. Àwọn abiyamọ padà wá. Bàbá Onírun ti ń rá báyìí, eyín sì ti kún ẹnu ẹ̀. Tí àǹtí mi bá gbé ọmọ ẹlòmíì lé àga, á rá dé ibẹ̀, á fa ìró àǹtí mi, á ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè, títí ìyẹn fi máa gbé abẹ kalẹ̀.

"Àǹtí, ìwà ta nìyí?" ni mo bi í.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa. Irun kì í gbé ìwà," ló wí. Ṣùgbọ́n ó ti gbé Bàbá Onírun, ó gbé orí ẹ̀ lé àyà, níbi tí ẹran wà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ oníbàárà sì jókòó sórí àga pẹ̀lú ìdajì irun lórí, ó ń wò wọ́n.