Abẹ́rẹ́ Tó Tilẹ̀kùn Ìbẹ̀wò

Ohun tí abẹ́rẹ́ kan fẹ́ẹ́ ná Aláròyé lọ́jọ́ Sátidé kan, owó ò lè rà á: ìyá ẹ̀ tó wá wò ó ni.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà, torí alùpùpù ẹni ẹlẹ́ni tó gùn lọ. Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Aláròyé. Yàrá ìránṣọ ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà kan, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Kí wọ́n tó jáde níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ka abẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá dín, ẹnikẹ́ni ò ní lọ.

Látọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Aláròyé ni ìyá ẹ̀ ti bá a bínú. Sátidé yẹn ló kọ́kọ́ wá, ó ti wà lẹ́nu géètì. Àfi bí abẹ́rẹ́ ṣe dín.

"Olè ò kúkú ní fiṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀," ẹnì kan ló sọ̀kò ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ni gbogbo ojú bá yí sí Aláròyé.

"Ṣé abẹ́rẹ́ ṣeé gùn ni?" ni Aláròyé dá wọn lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lòun ń wò. Wọ́n tú àpò, wọ́n gbọn aṣọ, wọn ò rí nǹkan kan. Aago ìbẹ̀wò ń lọ.

Ìgbà tí ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n fi máa fìbínú wọlé, Aláròyé tajú kán rí nǹkan tó ń dán lọ́rùn aṣọ Ìyá Aránṣọ. Ìyá ti fi abẹ́rẹ́ há ọrùn aṣọ ẹ̀, bí aránṣọ ṣe máa ń ṣe, ó sì ti gbàgbé. Ẹni tí kì í dákẹ́ bá rọra sún mọ́ ọn.

"Màámi, ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín."

Ìyá ì bá yọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó ní ilẹ̀ lòun ti rí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nà án sókè.

"Ọ̀gá, èmi ni. Ọrùn mi ló wà."

"Aago ìbẹ̀wò ti tán. Ẹ sì mọ ìyà ẹni tó bá sọ irinṣẹ́ nù."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tí mo ní lọ́dún yìí. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yìí rí èèyàn wọn."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ààbọ̀ wákàtí."

Ìyá Aláròyé wọlé, ó wo ọmọ ẹ̀ látòkè délẹ̀. "O mà rù o! Ẹnu ẹ nìkan ni ò rù." Ló bá bú sẹ́kún, ọmọ náà sì bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ tí Aláròyé jáde lẹ́wọ̀n, tó ń ránṣọ jẹun, ó gbọ́ pé ọmọ Ìyá Aránṣọ bímọ lọ́nà jíjìn, ìyá ò sì rí àyè lọ wẹ ọmọ-ọmọ ẹ̀, torí wọ́n ti gba ìsinmi ẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà, ó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà.

"Kí lo tún jí?" ni wọ́dà ẹnu géètì bi í.

"Ìsinmi ni mo wá san."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè ló dúró sípò Ìyá Aránṣọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fráídè ló sì san án tán.