Òrùlé Tí Kò Jẹ́ Ká Rí Ọ̀run

Àwa ìdílé mélòó kan láti Ìsùàdà, Ìjàgbá àti Ìmẹ̀rí là ń pe ara wa ní Júù, torí bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa ṣe sọ fún wa. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Sátidé là ń sinmi. Bí òjò àrọ̀kúrò bá sì ti dé, gbogbo wa á kóra jọ sí oko bàbá mi ní Ìsùàdà fún Àjọ Àgọ́. Ewé la fi ń bo àgọ́ náà, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á rí ojú ọ̀run.

Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí òmìnira dé, bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ń fẹ́: kí òun jókòó sínú àgọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun rí ọ̀run láti inú rẹ̀. Èmi tíṣà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin lọ́wẹ̀. Kì í ṣe Júù bíi tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ilé ewé bò tó o ní Ìmẹ̀rí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ó ní òun ti gbọ́.

Mo lọ ra iṣu lọ́jà. Nígbà tí mo dé, òrùlé náà dì pinpin, abẹ́rẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Inú bí mi débi pé mo ju iṣu sílẹ̀.

“Bọ̀dá, mo ní kó fẹ́lẹ́!”

“Kí òjò máa rọ̀ sí aláìsàn lórí nínú ulé tí mo ṣe? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bú uṣẹ́ mi ni?”

Mo ní kó fún mi ní àkàbà, kí n gun un lọ tú u. Ó jókòó lé àkàbà náà! Àwọn àlejò wa sì ti ń dé.

Wọ́n gbé bàbá mi wọ inú àgọ́ náà. Ó wo òkè pẹ́.

“Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀run wá dà?”

“Ó wà níta.”

“Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Inú oòrùn gbangba la ti jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ló jókòó sínú àgọ́. N kò bá a sọ̀rọ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ohun tó dùn mí ni pé n kò fa àkàbà náà yọ lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi kò rí àjọ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àjọ náà dé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ń to ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àlàfo sílẹ̀. Ọ̀run hàn kedere. A kò tíì jẹun tán tí òjò fi dé, tó rọ̀ sí gbogbo wa lórí, tó sì rin àga bàbá mi tó ṣófo gbindin.