Pákó Tó Rì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn

Òórùn ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ló máa ń gbé mi padà sí Sakété, sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá kan tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Bí a ti ń ṣe àgbà nìyẹn, inú ilé tó kọ́ la ń tẹ́ ẹ sí. Orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Pobẹ̀, mo sì gbà pé kò sí igi tó lè ṣorí kunkun sí mi.

Láti ìgbà tí baba ti kú ni ilẹ̀ pákó yàrá òkè ti ń rì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbi tí ó máa ń sùn sí gan-an. Bí àgbálùmọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá, ibẹ̀ ló ń yí lọ. Bí òun náà bá jí, ìhà ibẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ránṣẹ́ pé: “Màmá, mi ò ní tẹ́ ọmọ mi sórí ilẹ̀ tó ń fani sọ́dọ̀ òkú. Tí ẹ bá fẹ́ wẹ ọmọ, ẹ kúrò nínú ilé yẹn.” Ìyá kò fẹ́ kúrò nílé ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ-ọmọ òun. Ìdí tó fi pè mí nìyẹn.

Mo ṣí àwọn pákó àtijọ́, mo na okùn láti ògiri dé ògiri. Mo fi rándà fá igi àjà tó yọ, mo kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ èyí tó rì. Mo gbé àwo omi lé e, omi náà tẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ń súfèé lọ sí Pobẹ̀ láti kó pákó tuntun. Òjò ńlá rọ̀ kí n tó padà dé, nígbà tí mo sì tún gbé àwo kalẹ̀, omi fì sí ìhà baba.

Ìyá wò mí, ó ní: “Ṣé o rí i? Kò fẹ́ kí n dá sùn.”

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi máa ń sọ pé igi kì í dá rì, ẹ bi ẹni tó gbé e. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo kí baba, mo tọrọ àyè. Òpó tó gbé àjà dúró wà létí sàárè. Àna ló ń gbẹ́ sàárè nílẹ̀ wa, ọkọ ọmọbìnrin náà ló sì gbẹ́ ẹ kan ìdí òpó. Ta ni yóò bá àna wí lójú òkú? Erùpẹ̀ tí wọ́n kó padà ń rì, ó sì ń fa òpó lọ. Mo ri òpó mìíràn síbi tí ilẹ̀ ti le, mo tún òkè ṣe, mo kan pákó tuntun. Omi kò fì mọ́. Ọmọ tuntun sì dé.

Nígbà tí mo lọ kó irinṣẹ́ mi, ìyá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó. Ó ń sunkún.

Ó ní: “Ó ti lọ. Ọmọ mi, ṣé o ò lè dá a padà díẹ̀? Díẹ̀ péré.”

Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú ni. Mo ṣàlàyé òpó fún un títí, bí ẹni tó gbọ́n.

Ìyàwó mi ti wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi báyìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi fúnra mi ni mo nawọ́ sí òpó fún àwọn àna, mo ní kí wọ́n jìnnà sí i. Ilẹ̀ òkè tẹ́jú. Láràárọ̀ ni mò ń gbé àwo omi sí ìhà ibi tí ó máa ń sùn, tí mò ń wò ó bóyá yóò fì díẹ̀. Kò fì rí.