Ìbéèrè Abẹ́ Kòkó

Ẹ fa àpótí súnmọ́ ibí, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kó máa bó o lọ. Etí la fi ń gbọ́ èyí, kì í ṣe ọwọ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, àti ti ọmọ kan ṣoṣo tó bí, àti ti ìdánwò iṣẹ́ ìjọba tó wọ ilé wa bí àlejò.

Erio là ń gbé. Ọkọ àbúrò mi ti kú tipẹ́. Oko kòkó ló fi sílẹ̀ fún un, oko náà ló sì fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ kàwé, ó gboyè, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwé aládàáni kan, níbi tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ra bàtà tó fi ń rìn débẹ̀. Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ gba òṣìṣẹ́, àwọn tó fẹ́ wọlé pọ̀ bí eéṣú, àyè tó ṣí kò sì tó nǹkan. Ọjọ́ orí sì ń lé ọmọ wa bọ̀. Bí ti ọdún náà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn kò ní gba irú rẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi na àdá ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èèkù àdá yìí bó ṣe dán. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti gbà á. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ mi."

Bí abẹ́ kòkó ṣe di kíláàsì nìyẹn. Àáró la fi ń fọ́ kòkó: lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tìrẹ. Àwọn ọkùnrin á máa fọ́ ọ, àwọn obìnrin á máa yọ hóró rẹ̀ sínú agbọ̀n, ọmọ wa á jókòó sórí igi tó ṣubú, á máa ka ìbéèrè àti ìdáhùn sókè. Bó bá kà á tán, á pa ìwé dé. Nígbà náà ni oníkálùkù á sọ ìbéèrè tó bá dì mú lù ú padà.

"Ìwọ ọmọ ulé ùwé," ìyàwó mi á wí, "àwọn wo ló ń ṣòfin, àwọn wo ló ń mú un ṣẹ?"

Á dáhùn. Wọ́n á hó yèè.

"Bó o bá dé ọ́fíìsì, tá a bá wá kí ẹ, má sọ fún wa pé ká padà wá lọ́la o!"

"Ẹ̀yin gan-an ni mo máa kọ́kọ́ lé," á wí, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi kò mọ ìwé, kò sì mọ ìdáhùn kankan. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́. "Ohùn rẹ mì níbẹ̀ yẹn. Tún un kà." Ọmọ á ṣíwèé, á rí i pé lóòótọ́, ibẹ̀ kò dá òun lójú. Ìbéèrè kan wà tí ohùn náà máa ń mì sí jù: kí òṣìṣẹ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ta ló ti gbọ́dọ̀ gbàyè? Ìyá kò yé bi í. Lọ́nà oko, nídìí ààrò, "ọwọ́ ta?"

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun àbúrò mi. Ó fi pamọ́ fún ọmọ títí ọmọ fi lọ sùn ní Adó, kí ọkọ̀ má bàa dá a dúró láàárọ̀ ìdánwò. Lẹ́yìn náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Bí n kò bá dìde, ẹ má pè é kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Kó kọ ọ́ tán."

Ìdánwò ku ọ̀la ni ó kú, lọ́sàn-án.

Nílé wa, a kì í sọ òkú fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná là ń wí. Ẹbí jókòó, a fẹnu kò. A gbé e lọ sí mọ́ṣúárì ní Ìjerò, a sì kìlọ̀ fún àdúgbò. Nírọ̀lẹ́, fóònù dún, ọmọ wa ni.

"Bàbá, ẹ fún Yèyé ní fóònù, kó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀."

"Ó ti sùn. Ó ní kó o sinmi."

"Kó tó jẹun alẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bú u."

Mo ní màá bú u.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe jáde níbi ìdánwò ló tún pè. "Ẹ sọ fún Yèyé pé wọ́n béèrè tirẹ̀! Ẹ sọ fún un pé ohùn mi ò mì!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé, búrẹ́dì tó rà fún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará àáró jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. Ìyàwó mi gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì dìde, mo bu omi fún un. Ó wo ife náà, ó wá wò mí.

"Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń bu omi fún mi?"

Búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀. A kò tíì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú ló sọ ọ́ fún mi, láìbínú: "Ǹ bá ti rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde nílé." Mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí lórí ẹní fún un. Ó mi orí. "Mo mọ̀ pé òun ló máa wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ náà."

Nígbà tí orúkọ àwọn tí wọ́n mú jáde, a wò ó lókè, a wò ó nísàlẹ̀. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó yege, wọ́n ní, pọ̀ ju àyè lọ.

Ẹbí pín ohun tó kù. Aṣọ kan àwọn ìyàwó ilé. Àpótí tó fi ń jókòó yọ kòkó kan ìyàwó mi. Oko kan ọmọ rẹ̀, àti àdá; ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ mi, kò wo èèkù rẹ̀. Bí àáró bá kàn án nísinsìnyí, òun náà ń fọ́ kòkó láàárín àwọn ọkùnrin, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í ní nǹkan kan.

Ìbéèrè ló kàn mí. Kí òṣìṣẹ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ta ló ti gbọ́dọ̀ gbàyè? Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń bi mí.