Ọ̀sẹ̀ Tí A Kọ́ Ìgbòkun Létí Dáàmù

Ọdún kẹtàlélógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì ni mo tó fi ojú ara mi rí ìgbòkun. Ìgbòkun ni aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń ta sára òpó inú ọkọ̀ ojú omi kí afẹ́fẹ́ lè máa tì í lọ. Mo ti yà á sójú pátákó ìkọ̀wé láìmọye ìgbà. Mo mọ orúkọ àwọn afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ káàkiri ayé, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Odò wíwẹ̀ ni n kò mọ̀. Omi tó jìn jù tí mo ti wọ̀ rí, inú bàsíà ló wà.

Èmi yìí ni wọ́n wá fi ṣe olórí ìrìn-àjò.

Ọkùnrin tó dá ilé ìwé wa sílẹ̀ ní Ẹdẹ, tí gbogbo wa, àtolùkọ́ àtakẹ́kọ̀ọ́, ń pè ní Dádì, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ó rí i lórí fóònù pé àwọn ilé ìwé kan nílùú òyìnbó máa ń kó ọmọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ onígbòkun, ó sì ní àwọn ọmọ tòun náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ó kọ lẹ́tà sáwọn òbí pé ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ márùn-ún ń bọ̀ lọ sí ojú omi ńlá kan. Kò dárúkọ omi. Ìyá kan ra súwẹ́tà onírun fún ọmọ rẹ̀ nítorí òtútù. Bàbá kan bi mí bóyá fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì wa la ìgboro kọjá, ó wọ ọ̀nà oko, kò sì tó ìdajì wákàtí tó fi dúró létí dáàmù, ibi tí omi ẹ̀rọ ilé wọn ti ń wá. Ọmọ onísúwẹ́tà wo omi, ó wò mí.

"Mà, ṣé ibí la ti máa wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ni?"

"Ibí ni ibẹ̀," ni mo fún un lésì.

Mo ti sọ fún Dádì ṣáájú pé n kò mọ odò wẹ̀. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Mísìsì Àlàdé, afẹ́fẹ́ ló ń wa ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ sì ń kọ́ wọn ní afẹ́fẹ́. Ta ni ká tún mú?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Ráfíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kì í sọ̀rọ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá bi í. Bàbá rẹ̀, Alfa Mùfú, ń dáko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Sekona. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni odò Ọ̀ṣun gbé Lásísì, ẹ̀gbọ́n Ráfíátù, lọ, láti ìgbà náà ni Alfa kì í ti í gba etí odò kọjá mọ́. Nígbà tó rí lẹ́tà Dádì, ó wá bá mi ní kíláàsì.

"Tíṣà, mi ò ní kó má bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ," ló wí. "Kó máa wò wọ́n látòkèèrè. Àmọ́ ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kan omi."

"Mo ṣèlérí, sà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kan omi."

Nítorí náà, mo fi Ráfíátù ṣe akọ̀wé. Mo fún un ní ìwé, mo ní kó jókòó lábẹ́ igi, kó máa kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ ọkọ̀ bá sọ. Mo rò pé mo gbọ́n.

Olùkọ́ ọkọ̀ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dàgbà sétí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ni à ń pè ní Kóòṣì. Ó kó ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké méjì wá, àti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó fi ń gba àwọn tó bá dojú dé là. Iṣẹ́ pọ̀ fún un. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wa wà nínú omi ju inú ọkọ̀ lọ. Ẹ̀wù amúniléfòó ọrùn wọn ló ń gbé wọn sókè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, àyà tèmi á máa já.

Ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà ni pé ọkọ̀ onígbòkun kò lè lọ tààrà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kọ́lọkọ̀lọ ló gbọ́dọ̀ rìn: yóò yà sọ́tùn-ún, yóò tún yà sósì, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. "Ẹ má bá afẹ́fẹ́ jà," ni Kóòṣì máa ń sọ. "Ẹ máa ná an, bí ẹni ń nájà. Ẹ fi díẹ̀ kún un, kóun náà yọ díẹ̀." Ráfíátù kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́rú ni Dádì dé pẹ̀lú ayàwòrán. Ó fẹ́ fọ́tò kan fún kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, kì í sì í ṣe fọ́tò ọkọ̀ ló ń wá. Pátákó kan wà nínú ẹrù Kóòṣì, ó gùn ju ènìyàn lọ, ó rí pẹlẹbẹ, òpó àti ìgbòkun kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún yóò dúró lé e lórí, yóò di igi ìgbòkun mú lọ́wọ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Kò síjókòó, kò sí ìtọ́kọ̀.

"Olùkọ́ ni kó dúró lé e," ni Dádì wí. "Àwọn òbí gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn olùkọ́ wa mọṣẹ́."

"Dádì, ẹ̀yin gan-an ńkọ́?"

"Èmi? Ẹ ò rí agbádá lọ́rùn mi ni?"

Ọkọ̀ onígbòkun kan ṣoṣo ló kù létí omi. Kóòṣì ti wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí òdìkejì dáàmù, níbi tí ọkọ̀ kan ti dojú dé pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì. Ó yẹ kí n dúró dè é. Ṣùgbọ́n ogún ọmọ ló ń wò mí, ẹ̀wù amúniléfòó sì wà lọ́rùn mi. Mo gun pátákó níbi tí omi ò ti ju orúnkún lọ, mo fa ìgbòkun dìde bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe. Ayàwòrán ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ sì dé.

Láti orí ilẹ̀ ló ti wá, ó ń fẹ́ lọ sí àárín omi. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń fà á. Kò torí bẹ́ẹ̀ dúró. Ìgbà tí n óo fi rántí pé kí n ju ìgbòkun sílẹ̀, àwọn èèyàn etí omi ti kéré bí ọmọ adìyẹ. Mo ṣubú, mo mu omi, mo rọ̀ mọ́ pátákó. Mo ń gbọ́ ohùn Dádì: "Mísìsì Àlàdé! Ẹ padà wá!" Ó dà bí ẹni pé mo kọ̀ láti padà ni.

Kóòṣì kò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo. Apá mi ti ń kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé Sáàmù, mo sì gbàgbé ibi tí ẹsẹ kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìgbòkun funfun kan ń bọ̀. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ Ajé ni. Àfi bí mo ṣe rí híjáàbù.

"Mà, ẹ gbá etí ọkọ̀ mú," ni Ráfíátù wí. Ó dì mí ní bẹ́líìtì ẹ̀wù, ó fà mí wọlé bí ẹni ń fa àpò ẹ̀gẹ́. "Ẹ jókòó sápá ọ̀tún. Ẹ tẹrí ba tí igi yẹn bá ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde."

Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá bá mi, èyí ò ṣòro. Àbọ̀ niṣẹ́ wà. Ó yí ọkọ̀ síbòmíràn, mo sì rí i pé à ń kọjú sí igbó.

"Ráfíátù, ibi tá a ń lọ kọ́ nìyẹn o!"

"À ń ná an ni, Mà."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la yà kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ha yanrìn. Kóòṣì ti padà dé nígbà náà. "Ta ló kọ́ ọ?" ló bi í. Ráfíátù ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Dádì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti ro ọ̀rọ̀ ìlérí tí mo ṣe fún Alfa. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ ní kò ní kan omi, àbí? Inú ọkọ̀ ló jókòó sí táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ti ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Bàtà ẹ̀ ò tiẹ̀ rin." Mo wo bàtà ọmọ náà. Òótọ́ ni, kò rin. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé irú òótọ́ yẹn lọ síwájú ẹni tómi gbọ́mọ rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo bá Alfa lágboolé wọn, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sinmi oko. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi fọ́tò kàlẹ́ńdà pa mọ́.

"Lọ́jọ́ tí Lásísì lọ, èrò pọ̀ létí odò," ló wí. "Gbogbo wọn ló ń pariwo. Èmi náà pariwo." Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ dìde, Tíṣà. Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀kadà ló gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó bá Kóòṣì sọ̀rọ̀, ó yẹ okùn ẹ̀wù amúniléfòó ọmọ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣàdúà sí i lórí kí ọmọ náà tó wọ ọkọ̀. Ó wá jókòó tì mí lábẹ́ igi, ó kẹ̀yìn sómi.

"Mi ò lè wò ó," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ni, n ò rí ẹni tó tẹ́tí sí mi bíi ti Alfa lọ́jọ́ yẹn.

"Ó ti dé ibo?"

"Ó ti kúrò létí omi, sà."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dé àárín."

Tẹ̀súbáà rẹ̀ dúró. "Ó ti yí?"

"Ó ń yí i lọ́wọ́. Ìgbòkun ti kọjá sápá kejì. Ó ti yí, sà."

"Ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ti ilẹ̀, tó rọra kọjú sí omi.