Àkànó Oníbàtà Kò Fẹ́ Wọ Ihò Wúrà

Láràárọ̀, kí Fatawu, awakọ̀ ọmọ Gánà, tó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ Tudu ní Accra, á kọ́kọ́ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Àsmá'ù. Á ra mílíìkì àti bisikíìtì, á sì bèèrè ohun tó ti ń bèèrè láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

"Mama Alata, ìgbà wo lẹ ń lọ sílé yín?"

Èsì Àsmá'ù kì í yẹ̀. "Ilé wo? Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ Gánà yìí. Ibi tí bàbá ẹni bá sùn sí, ilé ẹni nìyẹn. Gba ṣéńjì rẹ, kí o máa lọ."

Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Gánà. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe lójoojúmọ́ fún ẹni tí wọ́n ti lé jáde nílùú rí, egungun a máa wà nínú rẹ̀.

Ìlú kan tí wọ́n ti ń wa wúrà, ní ìwọ̀-oòrùn Gánà, ni wọ́n bí Àsmá'ù sí. Bàtà rọ́bà ni Àkànó bàbá rẹ̀ ń tà níbẹ̀ fún àwọn tó ń wọ inú ihò lọ wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kí òun náà wá gbaṣẹ́ nínú ihò, ó ní rárá. Ó ní ẹni tó bá ń wọ ilẹ̀ láàyè ń kọ́ ilẹ̀ ní ìwàkiwà. Ní tòun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa wọ ilẹ̀, òun ò sì ní fẹsẹ̀ ara òun rìn wọ ọ́.

Nígbà tí ibà pa á, inú yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí a ti ń sin bàbá onílé níbi tí a ti wá. Àwọn ará ìlú náà, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń gbé òkú tiwọn lọ, ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé Alata ń bá òkú jẹun. Adéníkẹ́, opó olóògbé tó bí Àsmá'ù, tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ibẹ̀ ló ń sùn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ayé ọjọ́un ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù wọn. Bí wọ́n ti ń di ẹrù, ohun kan ló ń jẹ Adéníkẹ́ lọ́kàn: ẹni tó bá kó sínú ilé yìí, tó sì bá sàréè ní yàrá iwájú, ẹ̀rù á bà á, á hú òkú náà jù sígbó. Ni obìnrin náà bá hú òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí. Ó po sìmẹ́ńtì, ó fi bo ilẹ̀ yàrá náà láti igun dé igun, ó sì fi ìdí ìgò ha á títí tó fi ń dán gbinrin. Àsmá'ù, ọmọdébìnrin nígbà náà, ló ń bu omi fún un. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún ilẹ̀ pé, "Àkànó, mo ti fi ọ́ pamọ́. Kò sẹ́ni tó máa rí ọ."

Àdúrà mìíràn wà, a kì í tètè mọ̀ pé ó ti gbà jù.

Nígbà tí Àsmá'ù dàgbà, tó padà sí Gánà pẹ̀lú ọkọ, tó fìdí kalẹ̀ ní Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra, ó lọ wo ilé náà. Ìdílé òṣìṣẹ́ kan ló ń gbébẹ̀. Ó dúró lójú títì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, ó ka Fátíhà sínú, ó padà. Bó ti ń ṣe nìyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí eékún fi kọ ìrìn-àjò.

Lọ́dún tó kọjá, rádíò inú ṣọ́ọ̀bù ní ihò wúrà yẹn ti kógbá wọlé. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà máa dí ihò, wọ́n á wó àwọn ilé àtijọ́, wọ́n á da ilẹ̀ tuntun sórí rẹ̀, wọ́n á gbin igi, kí ilẹ̀ lè padà di ilẹ̀. Ẹni tó bá ní òkú níbẹ̀, kó yọjú sí ọ́fíìsì wọn ní Accra. Àsmá'ù ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan.

Olúṣínà ló bá níbẹ̀, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Dansoman, l'Accra. Bó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Àsmá'ù báyìí, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì. Ọkàn Àsmá'ù balẹ̀. Ọmọ ẹni ní ọ́fíìsì a máa dùn, títí dìgbà tó bá rántí ẹni tó gbà á síṣẹ́.

"Mama, òkúta orí sàréè ńkọ́?"

"Ìyá mi hú u."

"Kò wá sí àmì kankan? Àmì ni wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ mi, mà."

"Ibo ni wọ́n sin bàbá bàbá rẹ sí n'Ìbàdàn?"

Olúṣínà wo tábìlì. "Yàrá iwájú ni, mà."

"Àmì wo ló wà níbẹ̀?"

"Àwa ọmọ ilé la mọ ibẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ ilé ló jókòó síwájú rẹ yìí."

Olúṣínà gbà. Ó ní àwọn á jọ lọ, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka, wọ́n á gbẹ́ ẹ. Àsmá'ù bá ààfáà sọ̀rọ̀, wọ́n gbẹ́ sàréè sílẹ̀ ní itẹ́ òkú Mùsùlùmí ní Accra. Ó ra aṣọ funfun àti káńfọ̀ fún ìsìnkú náà, ó dì wọ́n sínú báàgì. Mùnírù ọmọ rẹ̀ ní òun á sìn ín lọ. Àsmá'ù fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ bọ̀ kó tó di pé wọ́n da ilẹ̀ bò ó. Kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó rí kànga mọ́ṣáláṣí, ó rí àtẹ̀gùn ilé aládùúgbò. Láti ibẹ̀ ló ti nawọ́ tọ́ka síbi tí ilé wọn wà. Ṣùgbọ́n ibi tó tọ́ka sí kò ní àwókù ilé. Pápá tó tẹ́jú ni, igi kéékèèké tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì ti ga ju èèyàn lọ. Olúṣínà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bó ti ń padà bọ̀, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà há fún.

"Mama, ihò gba abẹ́ àwọn ilé ìlà yẹn kọjá. Òjò kan rọ̀, ilẹ̀ ya, ó gbé ilé náà wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbébẹ̀ yè bọ́. Ilé-iṣẹ́ da òkúta àti sìmẹ́ńtì lé e títí tó fi kún. Ó ti pẹ́, mà, èmi ò tíì débí."

"Ṣé wọ́n bèèrè bóyá ẹnì kan wà nísàlẹ̀?"

"Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ilé náà. Wọ́n ní kò sí òkú kankan. Wọ́n ní ilẹ̀ yàrá ń dán bíi dígí."

Àsmá'ù ń gbọ́ ìró ìdí ìgò lórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Kò ṣeé gbẹ́?"

"Ó jìn jù, mà. Ibi tí àwọn tó ń wa wúrà dé ló lọ."

Ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu Àsmá'ù, ẹ̀rín kan tí Mùnírù kò gbọ́ rí. "Àkànó tó ní òun ò ní wọ ihò wúrà! Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ láìbi í."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Mùnírù wí.

"Ẹ má bínú, mà," Olúṣínà ń nu ojú. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti padà bọ̀ sípò. Ẹ ò rí igi?"

"Mo rí i. Igi dára. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó dúró láàárín igi, kò mọ ibi tí orí bàbá rẹ̀ wà, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ó kọjú sí gábàsì, ó ṣe àdúrà. Ọlọ́run mọ ibi tó wà. Ọlọ́run nìkan ni kì í bèèrè àmì.

Nígbà tó délé, ó kó aṣọ funfun náà sínú àpótí tirẹ̀. Ó ní kò ní ṣòfò.

Lọ́jọ́ kejì, Fatawu dé pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. "Mama Alata, ìgbà wo lẹ ń lọ sílé yín?"

Àsmá'ù ka ṣéńjì sí i lọ́wọ́. "Fatawu, bàbá mi jìn nínú ilẹ̀ yìí ju bàbá tìrẹ lọ."

Fatawu rẹ́rìn-ín títí bisikíìtì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.