Omi Ìgbẹ́ Tí Mi Ò Bomi Là

Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe ní Minanata, ní Sókótó, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Ọ̀gá kan láti ilé ẹ̀kọ́ gíga gbé iṣẹ́ kan wá fún mi. Ó ní kí n jó àgbá méjì pọ̀, kí a máa da ìgbẹ́ màálù àti omi sínú rẹ̀, gáàsì tí a lè fi dáná á máa jáde níbẹ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí iná fi jó lábẹ́ ìkòkò lójú mi. Ni mo bá ṣe ọ̀kan sẹ́yìn ilé tèmi náà, mo sì ń ṣe fáàrí rẹ̀ kiri àdúgbò.

Ìgbẹ́ tí gáàsì bá ti tán nínú rẹ̀ a máa ṣàn jáde lẹ́nu páìpù kejì, á dúdú, á sì ki bí ògì. Ọ̀gá yẹn sọ fún mi pé ajílẹ̀ gidi ni, àmọ́ kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á bẹ́ẹ̀ sí ìdí ohun ọ̀gbìn kéékèèké. Garawa kan rẹ̀, garawa omi mẹ́ta, kó má baà jó gbòǹgbò. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mi ò lè purọ́ pé mi ò gbọ́.

Òdìkejì ọ̀nà wa ni Baba kan ń gbé, Hausa ni wọ́n, wọ́n sì mú mi bí ọmọ láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú náà. Wọ́n ní oko àlùbọ́sà létí odò ní Wamakko. Àlùbọ́sà yìí ni wọ́n fi ń bọ́ ilé láti ọdún dé ọdún. Wọ́n wá bá mi pé, "Ọmọ mi, ṣé taki tìrẹ yìí dára fún àlùbọ́sà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́?" Taki ni wọ́n ń pe ajílẹ̀. Mo ní ó dára gan-an.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ìyá mi bá bu ọbẹ̀ fún aládùúgbò, wọn kì í bomi là á láéláé. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó ń ṣàn, ẹni tó bù ú ló ń dójú tì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé omi lásán fún Baba? Bí mo bá sì ní kí wọ́n bomi là á fúnra wọn, ó máa dà bíi pé mò ń kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ oko. Mo kó èyí tó ki jù sínú àgbá mẹ́ta, mo gbé e sórí ọmọlanke, mo ní kí wọ́n dà á bẹ́ẹ̀. Baba ní, "Madalla," ìyẹn ni pé ó káre, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi lójú títì.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ewé àlùbọ́sà náà fi pọ́n, tó gbẹ, tó sì sùn sílẹ̀. Baba mú mi lọ síbẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n fa ọ̀kan tu, wọ́n wò ó. "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Kí ló ṣe é?"

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni, "Baba, ó jọ pé irúgbìn yẹn ti gbó jù, kò lágbára mọ́."

Ìyàwó wọn ló ń tọ́jú irúgbìn láti ìgbà tí Baba ti gbé e níyàwó, nínú akèrègbè kékeré kan. Mi ò ronú kan ìyá náà rárá kí n tó la ẹnu. Baba gba akèrègbè náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún àbúrò wọn ọkùnrin pé kó máa tọ́jú irúgbìn láti ìgbà náà lọ.

Ìyá yìí kì í jáde, bí àwọn obìnrin ilé níbẹ̀ kì í ti í jáde. Ìyàwó mi ló máa ń wọlé lọ kí i, òun ló sì bá mi jíṣẹ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ìyá ní kí ẹ fún àwọn ní garawa taki kan. Wọ́n ṣẹ́ irúgbìn díẹ̀ kù. Wọ́n fẹ́ gbìn ín sínú ilé, kí Baba lè rí i pé kò gbó." Ó wò mí lójú. "Ṣé kò sí nǹkan kan?"

Mo ní kò sí. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bomi là á, mẹ́ta sí ọ̀kan, mo gbé e fún un. Mo rò pé bí ti ìyá bá ti dára, ẹ̀bi á kúrò lórí wọn, èmi náà á sì yọ láìjẹ́wọ́. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àlùbọ́sà ìyá ta, ó tó ìkúùkù. Baba ránṣẹ́ pè mí sí yàrá ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n gbé méjì kalẹ̀ lórí ẹní. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí.

"Òótọ́ lo sọ," ni Baba wí. "Irúgbìn ni. Obìnrin yìí fi èyí tó dára pamọ́, ó kó èyí tó gbó fún mi gbé lọ sóko." Wọ́n sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà nínú ilé lè gbọ́.

Ìtìjú mú mi débi tí mi ò lè gbójú sókè. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè bá mi sọ ọ́. Baba ní kí n mú àlùbọ́sà méjèèjì lọ sílé, èrè òótọ́ mi ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì mú un.